Èrò ń wọ ìkànnì ilé àlejò mi, fóònù kò dún: ṣé kí n sanwó SEO?

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ní ilé àlejò ní Kétu nílẹ̀ Benin ló kọ̀wé sí mi. Ohun tó bi mí nípa SEO, ìyẹn iṣẹ́ mímú kí ìkànnì yọ sókè nígbà tí èèyàn bá ń wá nǹkan lórí Google, nìyí ní kúkúrú:

"Ó lé ní ọdún kan tí mo ti ṣe ìkànnì fún ilé àlejò mi. Ọmọkùnrin kan wá bá mi, ó ní òun á gbé e dé ojú ìwé àkọ́kọ́ Google láàárín oṣù kan, 150,000 fránkì séfà ni òun á gbà. Ó ní agbára ìkànnì mi kò ju 4 nínú 100 lọ, òun á bá mi ra líǹkì 500 láti orí ìkànnì àwọn ẹlòmíràn, òun á sì kó kókó ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ sínú Google sí i. Ó ní àwọn tó ń wọlé ń yára jáde jù, Google sì ń torí ẹ̀ fìyà jẹ mí. Ó tún ní kí n yọ Yorùbá kúrò níbẹ̀ nítorí ó ń ba ìkànnì jẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìṣirò fi hàn pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń wọlé lóṣù, síbẹ̀ n kò tíì rí ẹni tó tibẹ̀ pè mí. Ṣé kí n san owó náà?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àlejò. Ẹ má san án. Mo ti wo ìkànnì yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì ti wo àwọn àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní Àjàṣẹ́ níbí láti inú Search Console àti Analytics, irinṣẹ́ Google méjì: ti àkọ́kọ́ ń fi hàn bí àwọn èèyàn ṣe ń rí ìkànnì lórí Google, ìkejì ń ka ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín kì í ṣe òótọ́. Ìwọ̀nba tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ẹ lè fi ṣe é. Ohun tó sì ń dí oníbàárà yín lọ́nà kò sí nínú gbogbo ohun tí ọmọkùnrin náà kà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí fóònù kò ti dún bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ gbogbo ojú ìwé ìkànnì yín ṣì jẹ́ ẹyọ mẹ́jọ. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà tẹlifóònù nílẹ̀ Benin ti di ẹyọ mẹ́wàá, tí 01 ń ṣáájú nọ́ńbà àtijọ́. Ará Kùtọnu tó bá rí tiyín lè fi 01 kún un fúnra rẹ̀. Ará Faransé tó ń wá ibi tó máa sùn kò mọ̀. Ohun tó rí ló máa tẹ̀, ìpè náà kò ní wọlé, á sì wá ilé àlejò mìíràn lọ. Kò sí iye líǹkì tí wọ́n lè rà fún yín tó máa tún èyí ṣe. Ẹ kọ +229, kí ẹ kọ 01 tẹ̀ lé e, kí ẹ tó wá kọ ẹyọ mẹ́jọ tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà náà ṣeé tẹ̀ lórí fóònù. Bó ṣe wà nínú àwòrán báyìí, èèyàn ní láti máa dà á kọ. Gbogbo ibi tí ẹ bá tún ti kọ ọ́ sí, lórí Facebook, lórí máàpù Google, lára páálí ẹnu ọ̀nà yín, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rún èèyàn ló kàn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Search Console ní ibi kan tó ń fi ọ̀rọ̀ gan-an tí àwọn èèyàn tẹ̀ sínú Google hàn kí wọ́n tó rí yín, ó sì ń fi orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ hàn. Nínú àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́, àwọn tó pọ̀ jù nínú àlejò ìkànnì yín ń wá òtẹ́ẹ̀lì ní Ketu ti Èkó, àdúgbò tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú lẹ́bàá Mile 12. Wọ́n tẹ̀ yín, wọ́n rí i pé Benin ni, wọ́n padà. Ìsọ̀rí kejì wá láti Íńdíà: nínú ìmọ̀ ìràwọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, Ketu ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn agbára mẹ́sàn-án ojú ọ̀run tí wọ́n fi ń wo kádàrá ẹ̀dá. Ìsọ̀rí kẹta, tí wọ́n kéré, wá láti Bràsíìlì, níbi tí Ketu ti jẹ́ orúkọ ẹ̀yà kan pàtàkì nínú ẹ̀sìn Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tí àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú fi sílẹ̀ níbẹ̀. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ará Bràsíìlì yìí nìkan ni mo rí tí díẹ̀ nínú wọn lè sùn sọ́dọ̀ yín lóòótọ́.

Ohun tó fà á ni àkọlé ojú ìwé àkọ́kọ́ yín. "Hôtel Ketu" nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ti Paris tàbí Kùtọnu wá sí ìlú yín, "Kétou" ló máa tẹ̀, torí bí ìjọba ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn lórí máàpù àti lára páálí ojú títì. Ẹ kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níbì kankan, ẹ kò sì dárúkọ Benin títí èèyàn fi máa wálẹ̀ dé ìdajì ojú ìwé. Ẹ fi "Kétou, Bénin" sínú àkọlé, kí ẹ sì tún un kọ nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Ní ti àmì ohùn, bí àwọn èèyàn fi í sí i bí wọn kò fi í sí i, Google sábà máa ń mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ìyàtọ̀ "u" àti "ou" ni kò yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Bí ẹ bá ti ṣe èyí, iye tó ń wọlé máa já wálẹ̀. Ẹ má fòyà. Àwọn tí kò lè di àlejò yín láéláé ló lọ. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa ń wo iye yẹn bí ẹni ń wo èrè, ó sì ń dùn mí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi owó wọn ṣòfò jù. Ẹ̀yin fúnra yín àti àwọn ọmọṣẹ́ yín tí ẹ ń ṣí ìkànnì náà wò wà nínú ẹgbẹ̀rún yẹn pẹ̀lú.

Ní ti àwọn tó ń yára jáde, Google ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé òun kì í fi ìṣirò Analytics to ìkànnì sípò. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ni kò tiẹ̀ lo Analytics rárá, wọ́n sì wà lókè. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń ka "ìyára jáde" ọ̀hún. Nínú Analytics tí a ń lò báyìí, GA4, tó gba ipò ti àtijọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2023, ẹni tó yára jáde ni ẹni tí kò lò ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ, tí kò ṣí ojú ìwé kejì, tí kò sì ṣe ohunkóhun tí ẹ ti sọ fún ẹ̀rọ pé ó ṣe pàtàkì sí yín. Ẹni tó wọlé, tó rí nọ́ńbà, tó tẹ̀ ẹ́ láti pè yín láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, oníbàárà gidi ni. Ẹ̀rọ á kọ ọ́ mọ́ àwọn tó sá lọ, àfi bí ẹ bá ti sọ fún un pé títẹ nọ́ńbà jẹ́ ohun pàtàkì. Nítorí náà, ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín tọ́jú ìkànnì fi títẹ nọ́ńbà àti títẹ WhatsApp sínú àwọn ohun pàtàkì tí Analytics ń kà. Iye yẹn ni kí ẹ máa wò lóṣooṣù. Ìyókù lè dúró.

Wàyí o, ìlérí oṣù kan. Nínú ìtọ́sọ́nà tí Google kọ fún àwọn tó fẹ́ gba oníṣẹ́ SEO, ó sọ ọ́ kedere pé kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà ipò kìn-ín-ní fún ẹnikẹ́ni. Ní 2017, òṣìṣẹ́ Google kan ṣàlàyé nínú fídíò ilé iṣẹ́ náà pé lọ́pọ̀ ìgbà, oṣù mẹ́rin sí ọdún kan ni iṣẹ́ yìí ń gbà kí èèyàn tó ṣe àtúnṣe tán kó sì rí àǹfààní rẹ̀. Bí ọmọkùnrin náà bá padà wá, ẹ bi í pé: ojú ìwé àkọ́kọ́ fún ọ̀rọ̀ wo? Bó bá jẹ́ orúkọ ilé àlejò yín ló máa tẹ̀, ẹ ti wà lókè níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ ẹ. Bó bá sì fi fóònù tirẹ̀ hàn yín, ẹ mọ̀ pé Google máa ń wo ibi tí èèyàn wà kó tó dá a lóhùn. Ohun tí ẹ rí lórí fóònù kan ní Kétu kọ́ ni ẹni tó wà ní Paris máa rí. Ipò tí Search Console ń kọ pàápàá, ìpíndọ́gba ni. Ó pa ọ̀rọ̀ tí ẹ ti wà lókè pọ̀ mọ́ èyí tí ẹ ti wà nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí náà, ẹ máa wo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Agbára 4 nínú 100 kì í ṣe ti Google. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Moz ló ṣe ìṣirò yẹn, wọ́n ń pè é ní Domain Authority, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ní irú tiwọn. Wọ́n wúlò bí èèyàn bá fẹ́ fi ìkànnì kan wé òmíràn, ṣùgbọ́n Google kì í lò wọ́n láti to ìkànnì. Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. PageRank, tí Larry Page àti Sergey Brin fi bẹ̀rẹ̀ Google ní 1998, ń ka líǹkì tó wọ ojú ìwé kan sí ẹ̀rí pé ó níyì, Google sì máa ń fi iye kan láti 0 dé 10 hàn fún gbogbo ayé. Ní 2016 ó mú iye yẹn kúrò lójú. Àwọn èèyàn kò jáwọ́, wọ́n wá iye mìíràn fi rọ́pò rẹ̀.

Láti ara ẹ̀rí yìí ni ọjà líǹkì ti bẹ̀rẹ̀. Kí èèyàn ra líǹkì 500 dà bí kó kó 500 ẹlẹ́rìí tí kò mọ̀ ọ́n rí lọ sí ààfin Alákétu: iye wọn gan-an ló máa jẹ́ kí wọ́n fura. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012 ni Google gbé ohun tó pè ní Penguin jáde láti dojú kọ irú líǹkì bẹ́ẹ̀, láti 2016 ó sì ti di ara ẹ̀rọ tó ń to ìkànnì lójoojúmọ́. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé Google á kàn pa àwọn líǹkì náà tì, owó á sì ti lọ. Èyí tó burú ni pé òṣìṣẹ́ Google lè fìyà jẹ ìkànnì pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, Search Console á kọ ọ́ síbẹ̀. Tiyín mọ́ báyìí. Ẹ jẹ́ kó máa mọ́ bẹ́ẹ̀. Líǹkì kan láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tó ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tàbí atọ́nà tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò wá láti Kùtọnu, tàbí akọ̀ròyìn tó sùn sọ́dọ̀ yín tó sì kọ nípa rẹ̀, ó ju 500 yẹn lọ, ìbéèrè lásán sì ni ẹ máa fi gbà á.

Kókó ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kó sí i ńkọ́? Bó bá jẹ́ sínú àyè "keywords" tó fara pamọ́ nínú ìkànnì, Google ti kéde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009 pé òun kì í lò ó láti to ìkànnì. Bó bá jẹ́ láti máa tún "hôtel pas cher Kétou" (òtẹ́ẹ̀lì tí kò wọ́n ní Kétou) kọ ní gbogbo ìlà, ìwà jìbìtì ni Google kà á sí, kò sì ní dùn ún kà fún àlejò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún sọ fún yín pé kí ẹ ra ìpolówó Google kí ipò yín lè gòkè, ipò tí a sanwó fún àti ipò ọ̀fẹ́ kò pa pọ̀ rárá.

Lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ má yọ ọ́. Google kì í fìyà jẹ ìkànnì nítorí pé Yorùbá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé ni Google ń kà láti mọ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, ohun tó sì ń da ojú rẹ̀ rú nínú tiyín ni pé Faransé àti Yorùbá wà nínú ìpínrọ̀ kan náà, gbólóhùn kan síhìn-ín, gbólóhùn kan sọ́hùn-ún. Ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀, kí èdè kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀, kí ẹni tó ń tọ́jú ìkànnì yín sì fi àmì hreflang so wọ́n pọ̀, "fr" fún Faransé, "yo" fún Yorùbá. Èmi kò ní tàn yín o: àwọn tó máa fi Yorùbá wá ibùsùn lórí Google kò pọ̀. Ojú ìwé Faransé ló máa mú owó wọlé. Ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ohun iyebíye ìlú yín. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún ìran ènìyàn ní 2008, fún Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ìwọ̀nba èèyàn ló ti kọ nípa rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Yorùbá tó dán, kí wọ́n sì jẹ́ ará Kétu. Ẹ kọ ojú ìwé kan nípa òru Ẹ̀fẹ̀, nípa ìdí tí a fi ń ṣe é láti fi tu àwọn ìyá wa lójú, nípa bí àlejò ṣe yẹ kó hùwà tó bá wà níbẹ̀, kí ẹ sì wá fi Faransé kọ ọ́ lọ́tọ̀. Ẹ má fi ẹ̀rọ ìtumọ̀ ṣe é kí ẹ sì gbé e síta láìkà á. Láti 2013 ni Google Translate ti ní Yorùbá, síbẹ̀ mo ṣì ń rí ibi tó ti ń sọ ọkọ́ di ọkọ̀.

Ohun tó máa ṣe ilé àlejò láǹfààní jù lọ, ọmọkùnrin náà kò sọ ọ́ rárá: máàpù Google. Ẹ lè fi orúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ohun tí wọ́n ń pè ní Google Business Profile. Nígbà tí ẹnì kan bá tẹ "hôtel Kétou", máàpù ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí, ìkànnì kọ́. Google sọ pé ohun mẹ́ta ni òun ń wò níbẹ̀: bí ohun tí ẹ ń ṣe ṣe bá ohun tí ẹni náà ń wá mu, bí ẹ ṣe jìnnà sí i tó, àti bí a ṣe mọ̀ yín tó. Ẹ fi ilé yín sí ibi tó wà gan-an, torí mo rí i pé ẹnì kan ti fi àmì yín sí òdìkejì ìlú. Ẹ fi nọ́ńbà tuntun síbẹ̀, wákàtí tí ẹ ń ṣí, àwòrán yàrá tí ẹ yà lójú mọmọ, bóyá omi àti iná ń wà nígbà gbogbo. Bí àlejò bá kọ ọ̀rọ̀ nípa yín, rere tàbí búburú, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ìtẹríba. Ẹ má ra ìyìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Google ń pa á rẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ojú ìwé kan tó ń dáhùn ohun tí àwọn àlejò máa ń bi yín lórí fóònù. Báwo ni wọ́n ṣe ń dé Kétu láti Kùtọnu? Ẹ sọ pé wọ́n á gba Àjàṣẹ́, Sakẹ́tẹ́ àti Pobẹ́, ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò, iye tí wọ́n ń gbà báyìí. Ìgbà wo ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń jáde? Báwo ni wọ́n ṣe ń lọ wo Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tó kù lára odi ìlú? Ta ni wọ́n ń kí kí wọ́n tó ya àwòrán? Ẹ̀yin mọ gbogbo rẹ̀ lórí, oníṣẹ́ SEO láti ibòmíràn kò mọ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ó gbọ́dọ̀ pé iye ọ̀rọ̀ kan, Google kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀.

Àwòrán yín wúwo jù. Fóònù ni púpọ̀ nínú àlejò máa fi wò ó, pẹ̀lú dátà tí wọ́n rà, ojú ìwé ti fóònù náà sì ni Google ń kà báyìí. Ìwọ̀n tí Google fi lélẹ̀ ni pé kí ohun tó tóbi jù lójú ìwé ti jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Tiyín ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ dín àwòrán kù, ó tán. Kò pọn dandan kí ẹ gba 100 nínú 100 lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń wọn ìyára.

Ní ti ọmọkùnrin náà, n kò pè é ní olè. Púpọ̀ nínú ohun tó sọ ni àwọn èèyàn gbà gbọ́ lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ inú fídíò àtijọ́ ló ti kọ́ ọ. Bó bá mọ ọwọ́ iṣẹ́, ẹ san owó ọjọ́ kan fún un kó tún nọ́ńbà ṣe, kó yí àkọlé, kó ya èdè méjèèjì sọ́tọ̀, kó dín àwòrán kù, kó sì jẹ́ kí Analytics máa ka àwọn tó tẹ nọ́ńbà. Kí Search Console àti Analytics wà lórúkọ yín, pẹ̀lú ímeèlì tiyín, kì í ṣe tirẹ̀. Mo ti rí oníṣòwò tí òun àti oníṣẹ́ rẹ̀ jà tí gbogbo ìṣirò ọdún mélòó kan sì bá oníṣẹ́ náà lọ.

Search Console máa ń tọ́jú ìṣirò oṣù 16, nítorí náà ohun àtijọ́ ṣì máa wà níbẹ̀ tí ẹ lè fi wé tuntun. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ẹ ṣí ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá nǹkan wà, ẹ wá "Kétou" níbẹ̀, kí ẹ wo iye ìgbà tí ẹ fara hàn àti iye àwọn tó tẹ̀ yín láti Benin, Faransé àti Bràsíìlì. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú iye àwọn tó tẹ nọ́ńbà yín, ká jọ wò ó.